Akínbíyìí Fi Kọ́kọ́rọ́ Ti Òkèlè

Ẹ ka ìtàn yìí títí ẹ ó fi kà á tán. Bí inú bá bí yín lágbedeméjì, ẹ jẹ́ kó bí yín, ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀. Ibi tó burú jù ṣì wà níwájú.

Lọ́dún 1969, Akínbíyìí ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù ní èbúté Pọtakọ́ọ̀tù. Àdúgbò D-Line ló ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, ti Ìjẹ̀bú wá bá a, ó sì bí Adébùsọ́lá fún un. Ogun kò jìnnà sí ìlú. Ọkọ̀ ń kó àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun wọlé láti inú igbó. Ṣùgbọ́n nílé Akínbíyìí, iṣu ń bẹ, gàrí ń bẹ, èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé kún inú àgbá. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tò fún àyẹ̀wò aṣọ iṣẹ́, ọ̀gá wọn wo ikùn Akínbíyìí, ó ní ó tó kí ìjọba rán aṣọ ti ikùn náà lọ́tọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Akínbíyìí gbé ìtìjú náà délé, ó wá ẹni tí yóò bá a rù ú.

"Èmi àtìwọ la jọ máa fọn," ó wí fún Bọ́sẹ̀dé. "Wo ara rẹ."

"Bàbá Bùsọ́lá, ọmọ oṣù mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ọmọ kọ́ ló sanra."

Ó ní àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Nítorí náà, ohun tí kì í ṣe òkèlè kì í ṣe oúnjẹ, òkèlè nìkan ló sì ń múni sanra. Ó kó iṣu, gàrí àti èlùbọ́ sínú yàrá kan, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ná ọjà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bíbọ̀ ni Bọ́sẹ̀dé ń jẹ, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò rí epo.

Òun náà ńkọ́? Ní èbúté, ìdí ààrò Sàlímọ́tù tó ń sun bọ̀lì ni ẹ ó ti bá a. Bọ̀lì mẹ́ta, ẹja sísun tí epo ń kán lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, dùńdú. Lẹ́yìn dùńdú, búrẹ́dì àti àkàrà. Sàlímọ́tù bi í pé ṣé kò ní í jẹun nílé mọ́ ni.

"Oúnjẹ kò kan ẹnu mi láti àárọ̀," ó wí, ẹja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìpanu lèyí."

Ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ti jẹ odidi àwo ìrẹsì rí, tí ẹ sọ pé ẹ ò tíì jẹun.

Ikùn rẹ̀ ń yọ síwájú, Bọ́sẹ̀dé ń gbẹ. Ó fi ìyàwó yangàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹ wò ó, ọgbọ́n òun ń ṣiṣẹ́, tòun ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé sọ fún un pé ọmú kò wá mọ́, ó ní ọgbọ́n àtirí òkèlè jẹ ló ń dá. Bó bẹ̀ ẹ́ pé kó ra mílíìkì inú agolo, ó ní ìyá tó lọ́mú kì í ra mílíìkì.

Boma, obìnrin ará Kalabari tó ń gbé ilé kejì, ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù wá. Bọ́sẹ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ tán ni ọkọ rẹ̀ wọlé. Akínbíyìí gbé àwo náà, ó dà á sí ilẹ̀ àgbàlá lójú àwọn méjèèjì.

Boma kò pariwo. "Ọga," ó wí ní píjìn, "na dis kain chop my pikin no see for bush, e die."

Irú oúnjẹ tó wà nílẹ̀ yẹn ni ọmọ tirẹ̀ kò rí jẹ nínú igbó tó fi kú. Ó ṣa àwo rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́, Adébùsọ́lá kò sunkún mọ́. Akínbíyìí rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀ pé ọmọ náà kò ní agbára tí yóò fi sunkún. Ó gbé e, ó sáré lọ sílé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e nínú aṣọ iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan, Ọmọlará, gba ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ọmọ tí wọ́n kó láti ojú ogun. Kò sí ìyàtọ̀. Ó wá yíjú sí Akínbíyìí.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ gbé wọn wá. Abúlé wo lẹ ti rí wọn?"

Akínbíyìí fi ọwọ́ bo kọ́kọ́rọ́ tó wà lára bẹ́líìtì rẹ̀.

"D-Line," Bọ́sẹ̀dé wí. "Ilé rẹ̀ la ti wá. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ oúnjẹ wa ló wà níbẹ̀ yẹn."

Adébùsọ́lá kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bí wọ́n ti sin ín, Bọ́sẹ̀dé kò padà sí D-Line, Ìjẹ̀bú ló kọrí sí. Akínbíyìí ṣí yàrá náà lóun nìkan. Iṣu ti hù, kòkòrò ti wọ èlùbọ́. Ó jókòó lé àpò gàrí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó kù tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọn, ẹ gbọ́. Ohunkóhun tó bá gba ọ̀fun kọjá, oúnjẹ ni. Bọ̀lì ń múni sanra bí iyán ṣe ń múni sanra. Ẹnu ara yín ni kí ẹ ṣọ́, ẹ má fi ebi pa abiyamọ nítorí ikùn tiyín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń ka òkèlè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kó tó pẹ́ jù.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.