Tíṣà Yanu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ohun tí ẹ ń fi pa mọ́ fún dókítà.

1. Tíṣà kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní Yanu. Láràárọ̀, ẹnu géètì ló máa ń dúró sí: "Ìwọ, yanu!" Tó bá fi lè gbọ́ òórùn sìgá, ọmọ ọ̀hún gbé! Àṣé ẹ̀yìn táǹkì omi ni òun gan-an ti ń fa tiẹ̀, á wá jẹ atalẹ̀ lé e. Ìyàwó ẹ̀ pàápàá ò mọ̀.

2. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un, oògùn ò ká a. Àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín kan ti kú, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí èkejì sì ti fún. Dókítà ní àwọn á mú iṣan nínú itan ẹ̀, àwọn á fi la ọ̀nà míì fún ẹ̀jẹ̀.

"Ṣé ẹ ń mu sìgá, sà? Èéfín ẹ̀ lè dí iṣan tuntun náà pa o."

Ìyàwó ẹ̀ jókòó tì í. Tíṣà ní: "Èmi kẹ̀? Ẹ lọ bi àwọn ọmọ iléèwé mi!"

3. Iṣẹ́ abẹ yọrí, ara tù ú. Ojú ọgbẹ́ ò tíì jinná tán tó ti padà sẹ́yìn táǹkì. "Ẹyọ kan péré ni." Ẹyọ kan di páálí.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ìtọ̀ ò fẹ́ẹ́ jáde mọ́. Iṣan tuntun ti dí, kíndìnrín tó kù ti kú. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ títí ọjọ́ ayé ẹ̀.

"Kí ló fà á, sà?" ni dókítà bi í.

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà sọ! "Iyọ̀ ìyàwó mi ló pọ̀ jù."

Obìnrin tó ti ń bá a jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ látọjọ́ iṣẹ́ abẹ! Ó bú sẹ́kún, ó ń bẹ dókítà bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nu òógùn ojú ọkọ ẹ̀. Atalẹ̀ ti tán lápò Tíṣà lọ́jọ́ náà. Òórùn sìgá kọlu obìnrin náà nímú, ó dákẹ́ ẹkún.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ yanu."

Tíṣà pa ẹnu mọ́, ó kọjú sógiri. Kò lè wo ojú ìyàwó ẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ sọ òtítọ́ fún un, ẹ jáwọ́ nínú sìgá, ẹ má sì di ẹ̀bi yín ru ẹni tó ń tọ́jú yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.