Ọkọ̀ Tó Lọ Nígbà Tí Múdàṣírù Ń Gbàdúrà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìlà méjì, tẹ́ ẹ ó sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ẹ fara balẹ̀ lónìí, ẹ ka eléyìí tán pátápátá. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jáde ṣe fàájì ni mò ń bá wí.

1.
Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló wà nílùú Ọ̀wọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Babátọ́pẹ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Tíṣà ni Boniface, Kátólíìkì ni tiẹ̀. Mẹkáníìkì ni Múdàṣírù, Mùsùlùmí sì ni. Àtìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kìíní ni wọ́n ti jọ ń rìn. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ àyíká tán, oko bàbá Boniface l'Ókèlúsè ló kàn. Wọ́n á sun iṣu, wọ́n á fi epo pupa jẹ ẹ́, wọ́n á ta ayò, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa ro wọ́n.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Tí àkókò ìrun bá tó, ọkọ̀ á dúró títí Múdàṣírù á fi ṣe tán. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ jáde, Múdàṣírù náà á jókòó síta ṣọ́ọ̀ṣì, á máa jẹ ẹ̀pà títí wọ́n á fi jáde. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ráhùn.

2.
Àfìgbà tí Babátọ́pẹ́ ra jíìpù. Ẹ gbà mí o! Tòkunbọ̀ ni o, àmọ́ ẹ ò rí i bó ṣe ń nù ún láàárọ̀ lálẹ́! Múdàṣírù ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò kó tó rà á. Àmọ́ bí Babátọ́pẹ́ ṣe jókòó sínú ẹ̀ báyìí, orí ẹ̀ wú. Ó wá ń wá bí àwọn ọ̀gá ṣe máa rí òun.

Sátidé kan, wọ́n ń jẹ iṣu lọ́wọ́ lóko nígbà tí Ọ̀gá Jonah, ọ̀gá ẹ̀ nílé iṣẹ́, pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn ń ṣílé tuntun ní Ùtè, kó máa bọ̀ kí wọ́n jọ ya fọ́tò. Babátọ́pẹ́ fò dìde. Gbogbo wọn kó sínú ọkọ̀.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Alásárì fi tó. Múdàṣírù bọ́ sílẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí kékeré kan létí títì, ó fi fóònù ẹ̀ sórí ìjókòó. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Tọ́pẹ́. Kò ní pẹ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Babátọ́pẹ́ fọn fèrè. Ó tún fọn ọ́n.

"Wọ́n á ti ya fọ́tò tán o!"

"Tọ́pẹ́, má dán an wò," ni Boniface wí. "Múdà ṣì ń gbàdúrà."

"Á gun ọ̀kadà. Ṣé ọmọdé ni?"

Ló bá ṣáná sí ọkọ̀, ó lọ. Boniface pariwo títí, kò dúró. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

3.
Kí wọ́n tó dé Ùtè, jíìpù kú. Kò wúkọ́, kò sín, ó kàn kú ni. Babátọ́pẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fa wáyà tí ò mọ̀dí ẹ̀, ọ́ìlì yí mọ́ aṣọ gínì funfun ọrùn ẹ̀. Ọ̀gá Jonah pè: "Má wulẹ̀ bọ̀ mọ́, a ti ya fọ́tò tán."

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù Múdàṣírù ń dún lórí ìjókòó. Ummusalamah, ìyàwó ẹ̀, ló ń pè. Boniface gbé fóònù náà sókè.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?"

Babátọ́pẹ́ tún kọjú sí wáyà.

Kò pẹ́, ọ̀kadà kan yọ. Múdàṣírù ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ì bá kọjá lọ ni o, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Àmọ́ ó ní kí ọlọ́kadà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó tún un ṣe, jíìpù dáhùn. Ó mú fóònù ẹ̀, ó kọrí sí ọ̀kadà.

Babátọ́pẹ́ ní, "Múdà, jọ̀ọ́, wọkọ̀ ká jọ máa lọ."

Múdàṣírù yíjú padà. Omi ti lé sójú ẹ̀.

"Tọ́pẹ́, mo ti kírun tán. Jíìpù ẹ ni mò ń ṣàdúrà fún, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ó fi wá ṣòfò. Ẹnu àdúrà yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ tí ọkọ̀ ń lọ."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Babátọ́pẹ́ dúró sójú títì, ó ń sunkún.

4.
Oṣù méjì, kò sí ìjáde. Ẹ bá mi wo ọgbọ̀n ọdún! Níkẹyìn, Babátọ́pẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù Múdàṣírù lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́ìlì, lójú gbogbo èèyàn.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò ní àwíjàre."

Múdàṣírù nu ọwọ́ ẹ̀, ó ní:

"Ọ̀gá tó ń ya fọ́tò ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa. Kò tiẹ̀ dágbére fún mi."

Ẹ̀rín pa Múdàṣírù, ó fà á dìde. Boniface tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Wọ́n ti padà sóko báyìí. Tí ìrun bá tó, Babátọ́pẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń bu omi àlùwálá fún Múdàṣírù. Á pa ọkọ̀, á bọ́ sílẹ̀, á jókòó sí ibòji.

Mo kìlọ̀ fún yín o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ bá ẹni ńlá ya fọ́tò kẹ́ ẹ já ẹni tó ń fi orúkọ yín gbàdúrà sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti já a sílẹ̀, ẹ pè é lónìí. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpè yín ló ń retí.