Fìlà Tó Ń Yí Bírí

Akínfẹ́nwá, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ yunifásítì. Gbogbo fìlà inú ibẹ̀ ló fúnra wọn tẹ̀ síbi tí ọkàn ẹni tó dé wọn wà: ti ẹgbẹ́ Àtúnṣe sápá òsì, ti ẹgbẹ́ Àbáláyé sápá ọ̀tún. Ta ni yóò bá ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ jẹun?

Bó ṣe wọlé báyìí, fìlà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí bírí bíi fáànù.

"Mo gbé!" Ó fẹ́ sá.

Àmọ́ iná ti lọ, ooru sì ń mú. Tòsì-tọ̀tún gbé àga wá yí i ká. Ọ̀gá ẹgbẹ́ Àtúnṣe tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó kọjú sí atẹ́gùn.

"Ọ̀rẹ́ mi," ló wí, "dákun, má tíì pinnu o."