Ọwọ́ Òsì Onílù

“Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ọ̀tún!” Rúùtù ń pè é fún ọkọ rẹ̀, onílù ìjọ Aládùúrà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Onílù fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi igi ìlù lu báàfù tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀tún ń dún. Òsì ò gbéra mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú.

“Bàbá Bùkọ́lá, ẹ dijú, kí ẹ fìgbàgbọ́ lù ú.”

Ó dijú. Rúùtù rọra yọ igi kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń bá a lu tòsì. Ìlù pé.

“Ẹ ò gbọ́ ọ bí? Ó ti ń dún!”

“Mo gbọ́.” Onílù ò lajú. “Ṣùgbọ́n òsì tìẹ ń sáré jù, Rúùtù.”