Ọlọ́yàyà Ni Wọ́n

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni Àlàájà Ruqoyyah dé ilé náà ní Adéwọlé. Ìwádìí ló bá wá. Toyyib, àbíkẹ́yìn ilé náà, fẹ́ fẹ́ Sakinah, ọmọ tí àbúrò Àlàájà náà obìnrin fi sílẹ̀ kó tó kú, tó sì jẹ́ pé òun ló tọ́ ọ dàgbà.

Ìyá Toyyib, Àlàájà Sadiya, sáré jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe ìyàwó ilé kó gbé omi tútù wá.

Raudah ni ìyàwó náà. Ẹ̀gbọ́n Toyyib ló fẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní Líbíà láti ọdún mẹ́rin, kì í sì í pè mọ́. Òun ló ń tọ́jú ìyá Àlàájà Sadiya, arúgbó tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi sílẹ̀. Kó tó dìde, arúgbó ti pè é láti yàrá. Ó lọ, ó padà. Wọ́n tún pè é.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣe?" ni Àlàájà Sadiya wí. "Kì í jáde rárá. Àfi àsálátù ọjọ́ Àìkú, èmi náà ni mo sì máa ń mú un lọ. Ọmọ mi gan-an ni, wàláhì."

Nígbà tí àlejò fẹ́ máa lọ, ó ní kí Raudah sin òun dé ojú títì. Àlàájà Sadiya wo Raudah fún ìgbà díẹ̀, kó tó rẹ́rìn-ín.

"Kó sìn yín, kò burú. Ọmọ rẹ̀ á dúró tì mí." Ó fa ọmọbìnrin kékeré tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra.

Àwọn méjèèjì rìn kọjá ilé mẹ́ta kí àlejò tó sọ̀rọ̀.

"Sakinah ló ní kí n bi ẹ́. Ó ní ẹ jọ máa ń jókòó ní àsálátù, pé ìwọ lo fi òun mọ Toyyib. Irú èèyàn wo ni ìyá ọkọ rẹ?"

"Ọlọ́yàyà ni wọ́n, mà."

"Gbogbo àdúgbò ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Lèmọ́mù pàápàá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túra ká sí èèyàn là ń pè ní ọlọ́yàyà, àlejò ló sì máa ń kọ́kọ́ rí i. Ìwọ kì í ṣe àlejò. Tí wọ́n bá ti ti géètì, ṣé ọlọ́yàyà náà ni wọ́n?"

Raudah bojú wẹ̀yìn. Àlàájà Sadiya ti gbé ọmọ náà dání lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́ sí wọn. Ọmọ náà kò juwọ́.

Àlàájà Ruqoyyah di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tí ẹ̀rù bá ń bà ẹ́, má sọ nǹkan kan. Ṣáà fún ọwọ́ mi pinpin. Màá mọ̀."

Kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú wọn, awakọ̀ ń pe èrò Ìpàta. Raudah rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Bákan náà ni wọ́n, mà, nínú ilé àti níta. Sakinah á gbádùn wọn."

"Àlihamdulilai. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. A ti fún wọn nìyẹn."

Kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Raudah dúró lójú títì títí kò fi rí i mọ́, ó wo ọ̀nà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó sì padà sílé.

Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti gbà, mà, ẹni tí ẹ ní kí n wá fi rọ́pò ara mi kí n tó lè lọ ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi àti ọmọ mi máa múra ilé bàbá mi."