Ọwọ́ Èkejì

"Ta ló da epo tí mo rù wá láti Okeluse nù?"

Ìyá Ìbejì gbé pàṣán sókè. Àwọn ìbejì rẹ̀, Agatha àti Veronica, fẹ̀yìn ti ògiri. Wọn kì í tú ara wọn fó. Bó bá na ọ̀kan, èkejì á tẹ́wọ́ tirẹ̀ náà.

Lónìí, ó ki ẹran díńdín bọ Veronica lọ́wọ́.

"Ẹ̀jìrẹ́ mi, ta ni?"

"Agatha ni."

Agatha tẹ́wọ́. Bí pàṣán ṣe ń bà á, ó ń retí ọwọ́ Veronica. Ẹran ni Veronica ń jẹ.

"Ó tó. Ẹ lọ ṣeré."

Veronica yíjú pé kóun máa lọ. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ pọ́n fún epo.

"Veronica! Tẹ́wọ́!"

Ó tẹ́wọ́, ó ń fojú wá Agatha.

Agatha káwọ́ sẹ́yìn.