Abẹ́rẹ́ Họ́móònù àti Ìkòkò Òjé Ọ̀jẹ̀wálé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé, pàápàá ẹni tó ń fi iná ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé rẹ̀.

1.
Ní ọdún 1956, alágbẹ̀dẹ kan wà ní Akaka Rẹ́mọ, Ọ̀jẹ̀wálé lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń rọ ọta ìbọn fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko obì. Bátìrì lọ́rì tó ti kú ló máa ń kó wá láti Ṣàgámù. Á fọ́ ọ, á yọ òjé inú rẹ̀, á sì yọ́ ọ nínú ìkòkò irin lẹ́yìn ilé ìdáná. Mọ́rọ́nfọ́lá ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbé iná náà jìnnà sílé, nítorí eérú rẹ̀ ń bà lé gbágùúdá tí òun ń sá sóòrùn. Ọ̀jẹ̀wálé ní nítòsí ilé ni iṣẹ́ ti ń yá.

2.
Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, òòlù sì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ọsibítù kan ní Ṣàgámù. Dókítà Afọláyan wo ẹ̀rìgì rẹ̀, ó rí ìlà dúdú tí òjé máa ń fà síbẹ̀, ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì sọ fún un pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó má yọ́ ọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ló ti pàdé Táyé, ẹni tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kiri ọjà. Táyé ní oògùn tuntun ti dé láti ìlú òyìnbó, họ́móònù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbà á, òjé kò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Ọ̀jẹ̀wálé gba mẹ́ta. Nígbà tó rí i pé ara òun yá díẹ̀, ó ra ìkòkò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rí i? Abẹ́rẹ́ tó rò pé yóò dáàbò bo òun ló sọ ọ́ di aláìbẹ̀rù.

3.
Olúkẹ́mi, ọmọ wọn obìnrin, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ìdí eérú yẹn ló ti máa ń ṣeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mu ògì lọ́wọ́ ni gìrì gbé e. Ọ̀jẹ̀wálé fẹ́ gbé e, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ìyá ọmọ ló pọ̀n ọ́n, wọ́n sì bá lọ́rì elépo kan dé ọsibítù.

Ọ̀jẹ̀wálé kúnlẹ̀ fún dókítà, ó ní kí wọ́n gún ọmọ òun ní họ́móònù.

Dókítà fà á dìde. Ó ní, “Bàbá, họ́móònù kì í ṣe irọ́. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì wà lára ohun tí ara fi ń bá ìnira jà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè ṣọ́ ilé tí baálé ń ṣílẹ̀kùn fún olè lójoojúmọ́.”

Wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn tó ń fa òjé jáde bá ìtọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ jókòó tì í.

“Èmi ni mo fà á,” Ọ̀jẹ̀wálé sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Mọ́rọ́nfọ́lá kò purọ́ tù ú nínú. “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Olúkẹ́mi. Ẹ jẹ́ ká wá tún un ṣe.”

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Olúkẹ́mi la ojú, ó ní òun fẹ́ jẹ àkàrà.

4.
Ọwọ́ Ọ̀jẹ̀wálé kò padà bọ̀ sípò, kò sì rọ irin mọ́ láyé rẹ̀. Ó ha ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná tí eérú òjé ti bà jẹ́ kúrò, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lọ sóko. Ó rìn dé Ìlárá, ó rìn dé Ogijo, ó ń fi ọwọ́ tó rọ náà han àwọn alágbẹ̀dẹ. Mẹ́ta nínú wọn gbé iná wọn kúrò nílé. Olúkẹ́mi wọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ bo ohun tó yẹ kí ẹ fi ọwọ́ mú kúrò. Ẹni tó gbọ́ kó sọ fún ẹnìkejì. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná.